Agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù: ta ló kà á, kí ló sì kà?

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ìpàdé àti owó ẹgbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ká sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Aáwọ̀ kan tí wọ́n ní kí n bá wọn parí ní ilé gẹ́ẹ̀mù kan nítòsí Bauchi Road ló gbé e wá.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọkùnrin nílé mọ bí ilé gẹ́ẹ̀mù ṣe máa ń rí: yàrá kékeré kan, tẹlifíṣàn méjì tàbí mẹ́ta, PlayStation, jẹnẹrétọ̀ tó ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé, àti àwọn ọmọ tó tò sórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń retí ìgbà tí yóò kàn wọ́n. Àwọn tibi tí mò ń wí yìí kò kàn ń ṣeré lásán. Wọ́n dá líìgì sílẹ̀ láàárín ara wọn. Kálukú mú ẹgbẹ́ kan, wọ́n ń kọ àbájáde ìdíje sínú ìwé, wọ́n sì ń kọ iye góòlù tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan gbá wọlé. Bí sáà ṣe parí, wọ́n dìbò yan agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù. Ọwọ́ iwájú tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù ni wọ́n mú.

Ọmọ obìnrin kan tó ń ta aṣọ, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, fárígá. Ó ní òun lòun gba ife líìgì náà, agbábọ́ọ̀lù àárín tí òun ń lò, tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, ló sì gbà á fún òun. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé èèyàn inú ẹ̀rọ lásán ló ń bínú lé lórí bí ọmọ ìyá rẹ̀. Títí débẹ̀, ẹ̀rín ni. Ìgbà tó wá sọ pé torí òun jẹ́ ọmọ Yorùbá ni wọn ò ṣe dìbò fún ẹni tòun ni gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ọmọ Berom wà níbẹ̀, ọmọ Hausa wà níbẹ̀, ọmọ Igbo wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú yìí ní 2001, ní 2008 àti ní 2010 yóò mọ ìdí tí ẹni tó ni ilé gẹ́ẹ̀mù náà fi pa tẹlifíṣàn, tó sì ní kí wọ́n lọ pe àgbàlagbà wá.

Èmi ni wọ́n rí. Mi ò mọ PlayStation lò, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irú ẹjọ́ yìí kì í ṣe tuntun ní Jos. Ìtàn ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ti gbọ́ orúkọ náà lórí rédíò. Kò sí èyí tó mọ̀ pé Jos níbí ni ọkùnrin náà dàgbà sí, pé ilé-ẹ̀kọ́ St. Murumba ló lọ, kó tó di pé Ìbàdàn àti Shooting Stars sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Mathematical. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ lórí òkè yìí bíi tiwọn ni. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè l'Ékòó, Nàìjíríà na Algeria ní 3-0, a sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹ̀kẹta.

Nígbà náà, ìwé ìròyìn France Football ti ilẹ̀ Faransé ló máa ń yan agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù nílẹ̀ Áfíríkà. Láti 1970 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èsì ti 1980 jáde, Jean Manga-Onguéné ti Cameroon ló ṣe ipò kìíní, Ọdẹ́gbàmí ṣe ìkejì. Cameroon kò sì sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó wá sí ìdíje tí a ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún náà rárá! Títí dòní, ẹ ó rí àgbàlagbà tí yóò sọ fún yín pé èdè Faransé ló gba ẹ̀bùn náà, pé àwọn Faransé kò lè fún ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi náà ti gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ rí, kí n tó wo àkọsílẹ̀. Ibrahim Sunday ti Ghana gba ẹ̀bùn kan náà ní 1971, Abdul Razak, ará Ghana kan náà, gbà á ní 1978. Gẹ̀ẹ́sì ni Ghana ń sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní 1980 yẹn, Canon Yaoundé, ẹgbẹ́ Manga-Onguéné, gba ife àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì orílẹ̀-èdè wọn káàkiri Áfíríkà. Àwọn tó dìbò ka iṣẹ́ ọdún kan gbáko tí ọkùnrin kan ṣe fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa ń ka ìdíje ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo wa fojú rí l'Ékòó. Tí ẹ bá bi èmi, Ọdẹ́gbàmí ni ǹ bá dìbò fún. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé olè ni ẹni tó dìbò fún Manga.

Ọmọ Berom kan béèrè pé ṣé àwọn tó ń dìbò lè ṣi í mú ni. Mo ní kó gbọ́ ti 1993. Lọ́dún yẹn, France Football ń fúnni ní ẹ̀bùn tirẹ̀, CAF tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà náà sì ti ń fúnni ní tirẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú. France Football ní Abedi Pele ti Ghana ló pegedé jù. CAF ní Ràṣídì Yẹ̀kínì ni, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ọdún kan náà, bọ́ọ̀lù kan náà, èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ta ló ṣì í mú níbẹ̀?

Ti Yẹ̀kínì yìí, mo mọ̀ pé ẹ ó bínú sí mi. Ọmọ wa ni, Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ọmọ ẹni tó lọ gbé Òkè Ọya bíi tiwa. Ní 1994, góòlù márùn-ún ló gbá wọlé ní ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunisia, kò sẹ́ni tó tó o, òun ni wọ́n sì mú ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù níbẹ̀. Òun náà ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú ìdíje ife àgbáyé, ní Dallas. Nígbà tí ọdún parí, Emmanuel Amuneke ni CAF fún. Àwọn èèyàn wa kan ṣì ń sọ pé wọ́n rẹ́ Yẹ̀kínì jẹ. Èmi ò gbà. Ní ọjọ́ àṣekágbá ní Tunis, Zambia ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wa. Amuneke dá a padà, ó tún gbá èkejì tó fún wa ní ife. Nígbà tó di Amẹ́ríkà, ó gbá ọ̀kan sáwọ̀n Bulgaria, ọ̀kan sáwọ̀n Italy. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló gba ti Yẹ̀kínì. Àwọn ọjọ́ tó le jù lọ́dún náà ló bọ́ sọ́wọ́ Amuneke.

Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ John Mikel Obi, nítorí pé ẹjọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn náà ni. Ní Jos ni wọ́n bí Mikel sí, ọmọ àwọn Igbo tó tẹ̀dó síbí, Plateau United ló sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù kó tó lọ sókè òkun. Ní 2005, ní ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Netherlands, Messi ti Argentina ló ṣe ipò kìíní láàárín àwọn tó pegedé, Mikel ṣe ìkejì, Táyé Táíwò tiwa ṣe ẹ̀kẹta. Messi ló gbá góòlù méjèèjì tí wọ́n fi na wa ní 2-1 nínú àṣekágbá, pẹnáritì sì ni méjèèjì. Kò sẹ́ni tó lè bínú tó bá ṣe ìkejì sí Messi.

Ti 2013 ni kò rọrùn láti gbé mì. Ní oṣù Kejì ọdún náà, Super Eagles gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní South Africa, Mikel sì ni òpó àárín pápá. Nínú ìrìn àjò yẹn, a na Ivory Coast ní 2-1, Yaya Touré sì wà nínú ẹgbẹ́ tí a lé wálé. Ní oṣù Karùn-ún, Chelsea tí Mikel wà gba ife Europa. Manchester City ti Touré kò gba ife ńlá kankan ní sáà yẹn. Wigan nà wọ́n nínú àṣekágbá FA Cup. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2014, l'Ékòó níbí, CAF pín ẹ̀bùn. Nàìjíríà ni ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè tó dára jù, Stephen Keshi ni kóòṣì tó dára jù. Ó wá ku agbábọ́ọ̀lù. Touré ní àmì 373, Mikel ní 265, Drogba ní 236. Touré gbà á fún ìgbà kẹta léraléra. Mikel fúnra rẹ̀ sọ ọ́ síta pé òun ló yẹ kóun gbà á.

Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ẹ wò ó ná: Èkó ni wọ́n ti ṣe é, nítorí náà a ò lè sọ pé ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n ti rẹ́ ọmọ wa jẹ. Àwọn kóòṣì àtàwọn olùdarí bọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè káàkiri Áfíríkà ló dìbò. Kí ni wọ́n ń rí láti ibi tí wọ́n jókòó sí? Tẹlifíṣàn. Kí ni tẹlifíṣàn máa ń fi hàn lálẹ́ Sátidé? Góòlù. Touré ń gbá góòlù, ó ń gbá fíríkíìkì sáwọ̀n látọ̀ọ́kán. Mikel wọ Chelsea ní 2006. Oṣù Kẹsàn-án 2013 ló tó gbá góòlù rẹ̀ àkọ́kọ́ wọlé nínú líìgì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún méje! Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí bọ́ọ̀lù má dé ọ̀dọ̀ àwọn adènà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ kò sí nínú fọ́nrán ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn dìde. Ó ní, "Bàbá, ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn!"

Mo ní kó jókòó, mi ò tíì parí. Ní 2025, Victor Osimhen gbá góòlù 26 wọlé nínú líìgì Turkey, Galatasaray gba líìgì, wọ́n gba ife. Achraf Hakimi ti Morocco ni CAF fún, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ní apá ọ̀tún fún PSG tó gba ife àwọn akọni ilẹ̀ Yúróòpù. Kò wọ́pọ̀ kí ẹni tó ń dènà gba ẹ̀bùn yìí. Bwanga Tshimen ti Zaire gbà á ní 1973, ẹ ó sì pẹ́ kí ẹ tó rí òmíràn kà. Kí la sọ ní ibùdó ìwòran wa? A ní kí ni Hakimi gbá wọlé. A ní ẹni tó gbá 26 ńkọ́. Àwa kan náà tí a sọ ní 2013 pé góòlù kọ́ ni gbogbo nǹkan. Ìgbà tí wọ́n fún Adémọ́lá Lookman ní 2024, kò sẹ́ni tó jiyàn, torí mẹ́ta ló gbá wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú àṣekágbá Europa, gbogbo ayé sì rí i.

Wọ́n ní ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tàwọn kì í ṣe ojúsàájú. Mo ní ta ló kọ́ ẹ̀rọ ní ìṣirò? Nínú gẹ́ẹ̀mù Football Manager, ẹ̀rọ máa ń fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú mẹ́wàá lẹ́yìn ìdíje. Èèyàn ló jókòó, tó pinnu iye tí góòlù yóò fi kún un àti iye tí gbígba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá yóò fi kún un. Èèyàn náà ló kọ agbára àti eré sísá agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ lè má mọ ibi tí Jos wà.

Mo wá yíjú sí ọmọ wa yẹn, mo bi í pé níbo ló ti rí ẹ̀yà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé wọn ni mo ní kó ṣí. Látìbẹ̀rẹ̀ sáà, góòlù nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, òun gan-an ló sì ń kọ ọ́, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Kò kọ bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí agbábọ́ọ̀lù àárín rẹ̀ gbà lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò dé, kí làwọn yòókù ìbá kà? Ó dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè Hausa sí ọmọ tó jókòó tì í, ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ sí i. Mi ò béèrè ohun tó sọ.

Wọ́n tún ìbò náà dì lójú mi. Ọwọ́ iwájú yẹn náà ló tún wọlé, pẹ̀lú ìbò kan ṣoṣo. Ẹni tó ni ilé gẹ́ẹ̀mù tan tẹlifíṣàn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ mú bírò, ó kọ orúkọ ẹni tó gbà á sí ìparí ojú ìwé, ó kọ orúkọ ti tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wá ṣí ojú ìwé tuntun fún sáà tó ń bọ̀, ó sì fa ìlà kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà góòlù.