Ta Ló Kọ́kọ́ Dá Àwo Orin Ṣe? Àríyànjiyàn Kan ní Ìtòkú

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo lọ rà ní ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, lọ́jọ́ Sátidé kan, ṣùgbọ́n orin ló dá mi dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ká aṣọ níwájú ìsọ̀ ti ki fóònù rẹ̀ bọ inú ife kan kí ohùn lè ròkè. Gìtá ń dún lọ wẹ́rẹ́, ìlù ń tẹ̀ lé e, akọrin sì ń kọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Beautiful Nubia ni, láti inú àwo Jangbalajugbu tó jáde ní 2002. Mo yìn ín pé ó mọ orin yàn. Inú ọmọ náà dùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ dá a ṣe. Òun ló ronú orin, òun ló fẹnu kọ ọ́, òun náà ló gbé e jáde. Kò bẹ ilé-iṣẹ́ kankan."

Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì aṣọ. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é. Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti bí àwọn tó ṣe é ṣáájú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé jù sílẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ká má fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Iṣẹ́ dókítà ẹran ni Ṣẹ́gun Akinlolú, tí gbogbo ayé ń pè ní Beautiful Nubia, kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó gbájú mọ́ orin. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Seven Lifes, jáde ní 1997, ilé-iṣẹ́ EniObanke tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá mọ bí ó ti nira tó láti ta orin tí kì í ṣe fújì, tí kì í ṣe jùjú, láyé ìgbà náà, yóò mọ̀ pé ọkùnrin náà gbìyànjú.

Ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá ní lọ́kàn ni rẹ́kọ́ọ̀dù kan tó jáde ní 1983. "Ṣé ẹ mọ̀ pé Wọlé Ṣóyínká ṣe àwo orin?" Ọmọkùnrin náà rò pé Bàbá ń ṣe àwàdà.

Kì í ṣe àwàdà. Ọdún ìbò ni 1983. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ tíṣà kò rí owó oṣù gbà, ìjọba Ààrẹ Shagari sì ń kéde pé kí gbogbo ìlú tún ìwà ara wọn ṣe, nígbà tí àwọn tó wà nípò ń kówó jẹ. Ṣóyínká, ọmọ Aké, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀ nígbà náà. Ó kọ orin sílẹ̀ ní pijin, èdè tí alábàárù àti lọ́yà jọ gbọ́, ó sì kó o fún Túnjí Oyèlànà àti ẹgbẹ́ rẹ̀, The Benders. Oyèlànà yìí ti bá Ṣóyínká ṣeré láti ìgbà ẹgbẹ́ òṣèré Orisun Theatre ní 1964, ọ̀gá sì ni nínú fífi gìtá gbé orin ilé. Orúkọ tí wọ́n fún àwo náà ni Unlimited Liability Company, bí ẹni pé orílẹ̀-èdè wa jẹ́ kọ́ńpìnnì tí gbèsè rẹ̀ kò lópin. Ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde ń jẹ́ Ewuro Productions. Ewúro! Orúkọ náà nìkan ti tó ẹ jẹ.

Kí ló dé tí òǹkọ̀wé fi yan rẹ́kọ́ọ̀dù? Mo gbà pé ó rí i pé ìwọ̀nba èèyàn ni gbọ̀ngàn eré lè gbà, ṣùgbọ́n àwo orin máa ń wọ ilé ọtí, ó máa ń wọ gáréèjì. Bàbá ní òun ra tòun. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fò, òun á gbé kọ́bọ̀ kan lé apá ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù lórí kó lè rinlẹ̀, gbogbo agboolé á sì pagbo. Wọ́n dìbò ọdún náà tán, Shagari wọlé, àwọn ológun sì gbàjọba ní December 31.

Ìyá tó ni ìsọ̀ ti ń gbọ́ wa látẹ̀yìn. "Bàbá, ẹ ti gbàgbé Kánọ́ọ̀nù nìyẹn?"

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Kánọ́ọ̀nù tó ń wí ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí wọ́n bí ní Igbein, ní Abẹ́òkúta níbí, ní 1855. Nígbà tí wọ́n gbé orin ìsìn Òyìnbó wọ Yorùbá, ohùn orin kì í bá ohùn ọ̀rọ̀ mu: o fẹ́ pe ọkọ, orin á sọ ọ́ di ọkọ́. Kánọ́ọ̀nù mú ohùn orin ìlú, ó fi ọ̀rọ̀ Ìhìnrere sí i, àwọn tí ìwàásù kò lè fà sì ń tẹ̀ lé orin wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, ó kọ orin 43 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Àwọn kan ní 1922 ni, àwọn kan ní 1925. Ti 1922 ni mo fara mọ́. Ẹ fojú inú wò ó: àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dúró níwájú ìwo ńlá kan, dùùrù ń tẹ̀ lé e, ó sì ní láti parí orin kí ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta tí ojú àwo lè gbà tó tán.

"Òyìnbó ló ni Zonophone," Bàbá dáhùn. "Ewúro, tiwa ni."

"Ta ló ni orin?" Ìyá bi í.

Ní tèmi, Ìyá jàre lórí orin, Bàbá jàre lórí owó. Ilé kan náà kúkú ni: ọmọ-ọmọ Kánọ́ọ̀nù ni ìyá tó bí Ṣóyínká. Ti Fẹlá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ mìíràn tí wọ́n bí ní 1938, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú bàbá àgbà, kò tún nílò àlàyé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé orin wá ń bá wa báyìí láìní èèpo. Lẹ́yìn àwo la ti máa ń kà á pé lágbájá ló ta gìtá, tàmẹ̀dù ló lu ìlù. Lórí fóònù, orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ló ń kọjá lọ. Àdìrẹ pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀: ní ìsọ̀ kejì, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ní Ṣáínà wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ó ń dán, kò sí ojú ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sí aṣọ lára rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ẹlẹ́kọ.

Mo béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá àwo 1983 yẹn ṣì wà. Ó ní wọ́n kó o sí àjà, òjò rọ̀ sí i, ó ká kò bí ewé. Ti Kánọ́ọ̀nù ńkọ́? Ó mi orí. Ìyá ló dá orin kan sílẹ̀, orin ìsìn, ó rọra ń kọ ọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń bọ́ sí ojú ohùn wọn láìfọ́. Bàbá gbè é lẹ́sẹ̀ kejì.

Ọmọkùnrin náà yọ fóònù rẹ̀ nínú ife, ó pa á. "Màmá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀."