Àlàyé: Ṣé omi lásán ti tó láti gbin ẹ̀fọ́ sínú yàrá?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí irú fídíò yìí lórí Facebook tàbí WhatsApp: ewé tútù yọ̀yọ̀ nínú ike, gbòǹgbò funfun nínú omi, kò sí iyẹ̀pẹ̀ kankan. Wọ́n á ní omi nìkan lẹ nílò. Fún ẹni tó ń gbé ilé alájà ní Adjamé, Treichville tàbí Abobo ní ìlú Abidjan, níbi tí kò sí àyè láti kọ ebè kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Èwo ni òótọ́ níbẹ̀?

Ṣé ẹ̀fọ́ lè hù láìsí iyẹ̀pẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Hydroponics ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe ohun tuntun. Láti nǹkan bí ọdún 1860 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Jámánì, Julius von Sachs àti Wilhelm Knop, ti ń gbin nǹkan sínú omi tí wọ́n po èròjà mọ́.

Ṣé omi lásán tó?

Rárá. Gbòǹgbò nílò nitrogen, phosphorus, potassium, calcium, magnesium, irin àti àwọn èròjà mìíràn, omi ẹ̀rọ kò sì ní wọn tó. Bí ẹ bá ki ẹ̀ka efinrin bọ omi lásán, ó lè ta gbòǹgbò, kó sì yọ ewé díẹ̀, torí ohun tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń jẹ. Bí ìyẹn bá tán, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Fídíò ìṣẹ́jú kan kì í dé ibẹ̀. Ajílẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀gbìn inú omi ni kí ẹ rà. NPK tí wọ́n ń fọ́n sóko kò ní gbogbo èròjà wọ̀nyí.

Ṣé kò nílò oòrùn?

Irọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń se oúnjẹ rẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Bí yàrá bá ṣókùnkùn, ẹ ó nílò iná LED fún nǹkan bíi wákàtí 12 sí 16 lójúmọ́. Ẹ ka owó iná mọ́ ìnáwó yín.

Ṣé ó ń so ju ti ilẹ̀ lọ?

Kò dájú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1938, Dennis Hoagland àti Daniel Arnon ti Yunifásítì California sọ pé ọ̀gbìn inú omi kò so ju ti ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ.

Báwo lẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀nà tí Bernard Kratky ti Yunifásítì Hawaii ṣàlàyé rọrùn, kò nílò ẹ̀rọ:

1. Ẹ wá ike tó ní ìdérí, tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ̀ ọ́, omi á di àwọ̀ ewé.
2. Ẹ dá ihò sí ìdérí, kí ẹ fi ife kékeré tí ẹ ti lu nídìí há a. Gbúre, efinrin tàbí ewédú, tí wọ́n ń pè ní kplala ní Abidjan, fara da ooru ju létúùsì lọ.
3. Ẹ po ajílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Àpọ̀jù lè pa gbòǹgbò. Kí omi kan ìdí ife.
4. Bí omi bá ń fà, ẹ má ṣe bù ú kún dé òkè mọ́. Àlàfo yẹn ni gbòǹgbò fi ń mí.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀fọn

Ibà dengue bẹ́ sílẹ̀ ní Abidjan ní ọdún 2017, 2019 àti 2023. Ẹ̀fọn Aedes tó ń gbé e kiri máa ń yé sínú omi tó dákẹ́ nínú ilé, ẹyin náà sì lè di ẹ̀fọn láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ dí gbogbo ihò, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ibi tó bá ṣí. Bí ẹ bá rí tanwíjí, ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì fọ ike náà dáadáa.

Àbọ̀ ìwádìí

Òótọ́ ni pé ẹ̀fọ́ lè dàgbà láìsí iyẹ̀pẹ̀. Irọ́ ni pé omi lásán tó, tàbí pé kò nílò ìmọ́lẹ̀. Kí ẹ tó fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, tàbí kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó ń ṣèlérí èrè ńlá, ẹ kọ́kọ́ fi ike kan ṣoṣo dán an wò.