Iyanrìn àti Omi fún Ọmọ Oníbìínú

Ẹ̀yin abiyamọ, ìyá kan gbé ọmọ ọdún 3 wá bá mi, ó ní kí n fún un ní oògùn tí yóò mú un sùn, nítorí igbe àti ìbínú rẹ̀. N kò fún un. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ṣe èémí ọmọ ní jàǹbá. Inú yàrá ni wọ́n ń há ọmọ náà mọ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Ọmọ kékeré kò tíì lè fi ẹnu ròyìn ìbínú. Ẹ mú un jáde. Bí ó bá ń bu iyanrìn, tí ó ń da omi láti inú agolo kan sí òmíràn, ọkàn rẹ̀ yóò máa rọ̀.

Ẹ jókòó tì í: omi bàsíà kékeré lè pa ọmọ. Ẹ yẹra fún iyanrìn tí ajá ń yàgbẹ́ sí, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ tètè gbé e wá. Igbe àìsàn kì í ṣe igbe ìbínú.