Ìwé Iwin àti Ebọra: Àjọkà Ni, Kì í Ṣe Àdákà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Bí òwe yìí ti rí gan-an ni ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn iwin àti ebọra rí ní ilẹ̀ Yorùbá láti ìgbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde. Ọmọ tí ó lọ sí ilé-ìwé ní ojú tí ó lè fi ka lẹ́tà; àgbà tí kò mọ̀ ọ́n kà ní etí tí ó fi lè gbọ́ ohun tí lẹ́tà náà ń wí. Bí àwọn méjèèjì kò bá jókòó pọ̀, ìdajì ìtàn ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ní lọ́wọ́. Àṣà kí á jókòó pọ̀ ka ìwé abàmì yìí, kí á jọ bẹ̀rù, kí á jọ rẹ́rìn-ín, kí á sì jọ fa ẹ̀kọ́ yọ, ti ń di ohun ìgbàgbé lọ díẹ̀díẹ̀. Ó sì yẹ kí á mọ ohun tí yóò bá a lọ kí ó tó lọ tán.

ÌWÉ TÍ A KỌ NÍ ÌTÒSÍ ILÉ

Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni ìwé tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú irú ìwé yìí ti wá bá àwọn ará Akínmọ̀ọ́rìn. Ìlú yìí, tí ó wà ní agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Fìdítì àti Ìlọrà sì jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, kò jìnnà sí ìlú Ọ̀yọ́. Ní Ọ̀yọ́ yìí ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí a bí ní 1903, ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's. Ibẹ̀ náà ni ó ti ṣe olùkọ́ láti 1930 títí di 1939. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni ó wà nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún ìdíje ìwé kíkọ tí ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ gbé kalẹ̀ ní 1936. Ìjọ CMS ni ó tẹ ìwé náà jáde ní 1938. Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù ní Akínmọ̀ọ́rìn, tí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn, yóò dé ìlú tí a ti kọ ìwé náà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Igbó Irúnmalẹ̀ kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n tábìlì tí a gbé kọ ọ́ kò jìnnà sí ilé.

Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje dé ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì dé ní 1961. Inú omi ní ìtòsí Bídà ni Fágúnwà kú sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ọkùnrin náà lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ka ìwé rẹ̀ fún ara wọn kò dákẹ́.

ÀLỌ́ NI ÌYÁ TÍ Ó BÍ I

Kí ìwé tó dé ni àṣà ti wà. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí iṣẹ́ oko bá ti tán, tí òṣùpá bá sì mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ agbo-ilé a kó ara wọn jọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà. Apààlọ́ a pe ààlọ́, àwọn ọmọ a dá a lóhùn. Bí kò bá gbọ́ ohùn wọn, kò ní sọ ìtàn kankan. Bí ìtàn náà bá ní orin, ègbè di ti gbogbo ilé. Bí ó bá parí, apààlọ́ a fi agogo ẹnu rẹ̀ búra pé òun kò purọ́, a sì mú kí ó dún lẹ́ẹ̀mẹta kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kí á máa pa àlọ́ ní ọ̀sán, nítorí pé ọ̀sán ni ti iṣẹ́, alẹ́ sì ni ti ìmọ̀ràn.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí ohun kan nínú ètò yìí. Ìtàn tí ń dẹ́rù bani ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlọ́ náà: iwin olórí mẹ́ta, òkú tí ó jí, ọmọ tí ó ṣe àìgbọràn tí ó sì bá ara rẹ̀ ní ilé ẹranko. Síbẹ̀, a kò gbọ́ ọ rí pé kí ọmọdé dá jókòó sínú òkùnkùn kí ó máa pa irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Èjìká ọmọ kan a fara kan ti èkejì. Ìyá àgbà a wà níbẹ̀ tí a lè di aṣọ rẹ̀ mú. Bí ẹ̀rù bá pọ̀ jù, orin a dé, ẹ̀rín a sì tẹ̀lé e. Ọgbọ́n àwọn baba wa ni pé kí á fi ẹ̀rù kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀rù.

Fágúnwà mọ àṣà yìí dáadáa, ó sì fi ṣe òpó ilé tí ó kọ́. Nínú Ògbójú Ọdẹ, òǹkọ̀wé kò sọ pé òun ni ó lọ sí igbó. Àkàrà-oògùn, ọdẹ tí ojú rẹ̀ ti rí màbo, ni ó wá bá a pé kí ó mú gègé, kí ó sì kọ ohun tí òun yóò sọ sílẹ̀. Bí ìtàn náà ti ń lọ, òkìkí kàn, àwọn ènìyàn sì wá gbọ́ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dá ka ìwé náà ní kọ̀rọ̀ ń ka ìwé tí èrò kún inú rẹ̀. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ń wá àwùjọ.

OHUN TÍ ỌMỌ MÚ WÁ ÀTI OHUN TÍ ÀGBÀ FI KÚN UN

Nígbà tí ìwé dé, ipò yí padà. Ní ayé àlọ́, àgbà ni ó ń sọ, ọmọ ni ó ń gbọ́. Ní ayé ìwé, ọmọ ni ó ń kà, àgbà ni ó ń gbọ́. Èyí tún gbilẹ̀ sí i nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, tí ọ̀pọ̀ ilé tí kò ní ọ̀mọ̀wé kankan rí fi ní ọmọ tí ó lè ka ìwé Yorùbá sókè ketekete.

Ṣùgbọ́n kíkà nìkan kò tó. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹ̀ wò: egbé. Ọmọ lè pè é bí ẹni pe ẹgbẹ́ tàbí ègbé, kí ó sì kọjá lọ. Àgbà tí ó jókòó tì í ni yóò dá a dúró, tí yóò sì ṣàlàyé pé egbé ni oògùn tí ń gbé ènìyàn kúrò nínú ewu lọ sí ilé rẹ̀ ní ìṣẹ́jú akàn, àti pé òun ni Àkàrà-oògùn fi bọ́ lọ́wọ́ ikú. Bákan náà ni ti egbére. Ọmọ rò pé orúkọ lásán ni. Àgbà mọ̀ pé kúkúrú ni egbére, pé ẹní kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ẹkún ni iṣẹ́ rẹ̀. Àgbà ni yóò tún sọ ìdí tí ẹni tí ó bá bá ìrókò pàdé lóru fi ń yà fún un, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ tí a gbà pé wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Bí ọdẹ kan bá wà láàrin àwọn olùgbọ́, a sọ orúkọ ẹranko àti ewé tí ìwé kàn dárúkọ, a sì fi ìjálá díẹ̀ bu adùn sí i. Báyìí ni ojú ìwé kan ṣe lè gba alẹ́ kan gbáko, tí kò sì sú ẹnikẹ́ni. Ọmọ ya àgbà ní ojú; àgbà ya ọmọ ní ìmọ̀.

ÈWO NI Ó DÙN JÙ?

Ara adùn àṣà yìí ni àríyànjiyàn. Kò sí ibi tí àwọn tí ó fẹ́ràn ìwé wọ̀nyí ti pàdé tí wọn kò ní bi ara wọn pé èwo ni ó dùn jù. Ẹnì kan a ní kò sí ohun tí ó ba òun lẹ́rù tó Àgbákò, ẹni tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká. Ẹlòmíràn a ní kí ó dákẹ́, pé kò tíì bá Àǹjọ̀nnú Ìbẹ̀rù pàdé nínú Igbó Olódùmarè, níbi tí Olówó-ayé, baba Àkàrà-oògùn, ti lọ fojú winá. Ẹni tí ó fẹ́ràn agbára a mú Kàkò ní tirẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn orin a mú Ọlọ́hùn-iyọ̀. Onílàákàyè a ní bí kì í bá ṣe ti Ìmọ̀dòye, àwọn ọdẹ méje náà kì bá tí dé Òkè Láńgbòdó.

Ibi àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ni ìwé mìíràn ti ń rí ọ̀nà wọlé. J. Ògúnsínà Ògúndélé kọ Ibú Olókun àti Èjìgbèdè Lọ́nà Ìsálú-Ọ̀run ní àwọn ọdún 1950. Ẹni tí ó ti ka ti Fágúnwà tán yóò bèèrè bóyá ẹlòmíràn ní irú rẹ̀, ẹni tí ó ní in yóò sì yá a. Yíyá ìwé yìí ní òfin tirẹ̀: a kì í ká etí ìwé, a kì í gbé e sí ìtòsí iná, a kì í sì sọ òpin rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì kà á. Ẹni tí ó bá yá ìwé tí kò dá a padà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Kò ní rí òmíràn yá mọ́.

Àjọkà máa ń bí ìwé mìíràn pẹ̀lú. Ní ọdún 1816, àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì péjọ sí ẹ̀bá adágún omi Geneva ní ilẹ̀ Switzerland. Òjò kò jẹ́ kí wọ́n jáde, wọ́n sì ń ka ìtàn òkú àti iwin fún ara wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní kí olúkúlùkù lọ kọ tirẹ̀. Mary Shelley, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, wà láàrin wọn. Láti ibẹ̀ ni ìwé Frankenstein ti wá, tí ó jáde ní 1818. Nílé wa níhìn-ín, Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ ìwé ọ̀mu rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1952; Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì sọ ọ́ di eré orí ìtàgé tí a mọ̀ sí Ọ̀mùtí. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Wálé Ògúnyẹmí mú ìrìn-àjò àwọn ọdẹ náà ṣe eré Láńgbòdó, tí a fi ṣojú Nàìjíríà ní FESTAC ọdún 1977. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gbé ìtàn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

ǸJẸ́ Ó YẸ KÍ Á FI IWIN DẸ́RÙ BA ỌMỌ?

Àwọn òbí kan ń kọminú pé irú ìwé báyìí lè da ọkàn ọmọ rú, tàbí kí ó fà á sínú oògùn àti ìbọ̀rìṣà. Kò yẹ kí á fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ọmọ tí ó bá dá ka ìtàn Àgbákò lóru lè má rí oorun sùn ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ni Fágúnwà fúnra rẹ̀, ìmọ̀ràn sì pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ bí iwin ti pọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìjà tí àwọn ọdẹ jà, ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ni wọ́n ti lọ jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́, nínú ilé tí ó ní ojúlé méje. Bí òbí bá jókòó ti ọmọ, ibi tí ẹ̀rù bá ti bà á ni wọn yóò ti dúró, tí wọn yóò ti bi ara wọn léèrè ohun tí ọdẹ náà ṣe tí ó fi yè. Oògùn ẹ̀rù ni ènìyàn. Bí a bá sá fún ìwé, a kò tíì wo ẹ̀rù sàn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í rí ìwé wọ̀nyí àfi bí ìdánwò bá dé. Wọn a ka ìbéèrè àti ìdáhùn, wọn a yege, wọn a sì gbàgbé. Àwọn mìíràn a máa wo iwin òkè òkun nínú ẹ̀rọ alágbèéká, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀, olúkúlùkù ní igun tirẹ̀. Ní ìdàkejì, àwọn àgbà tí ó mọ ìtumọ̀ egbé àti orúkọ ewé ń dín kù lọ́dọọdún, kò sì sí ọmọ tí ń kàwé fún wọn kí wọ́n lè rí ibi ya ọ̀rọ̀ sí. Àgbà tí a kò bi léèrè kí ó tó lọ, akèrègbè rẹ̀ bá a lọ ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Ìwé kan tó fún agbo-ilé kan. Kí á yan alẹ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀. Kí ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n kà jùlọ bẹ̀rẹ̀, kí òmíràn gbà á bí ohùn rẹ̀ bá ti rẹ̀. Kí àgbà máa dá wọn dúró níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti takókó. Kí olùkọ́ ní Akínmọ̀ọ́rìn, ní Fìdítì àti ní Ìlọrà ní kí ọmọ lọ ka ojú ìwé mẹ́ta fún ẹni tí ó dàgbà jù nílé, kí ó sì padà wá sọ ohun tí ẹni náà fi kún un. Kí ẹni tí ó ní ìwé nínú àpótí gbé e síta, kí ó yá aládùúgbò rẹ̀, kí ó sì bá a jiyàn lórí rẹ̀. Pẹpẹ ṣì wà ní òkè níbẹ̀, akèrègbè sì wà nílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni kí á pa pọ̀, kí ìtàn má baà kú mọ́ wa lọ́wọ́.