Ẹyẹlé Tí Ń Ta Tẹ́tẹ́

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin baba, bí ẹ bá ń sin ẹyẹlé nílé, ẹ ó ti rí i pé kì í ṣe òmùgọ̀ nídìí oúnjẹ. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí yóò yà yín lẹ́nu.

Ní 2011, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Zentall ti Yunifásítì Kentucky ní Amẹ́ríkà, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, jẹ́ kí ẹyẹlé máa fi àgógó kan èyí tí ó bá wù ú nínú iná méjì. Ti àkọ́kọ́, hóró oúnjẹ 3 ni nígbà gbogbo, kò lé, kò dín. Ti èkejì, nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, bí ẹ̀ẹ̀mejì ni àmì kan ń tàn pé hóró 10 ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ yòókù, àmì òfo ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ti àkọ́kọ́ jẹ́ 30, ti èkejì jẹ́ 20. Síbẹ̀ èkejì ni ẹyẹlé ń sáré lọ bá! Àmì ire yẹn ló gba ojú rẹ̀. Bó bá sì pẹ́, àmì òfo kì í dùn ún mọ́.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti 2012: àwọn ẹyẹlé tí ebi ń pa gan-an ló ń yan àdánù, àwọn tí ebi kò pa tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe é.

Làálàá ńkọ́? Ní 2000 ni wọ́n ti rí i pé àmì oúnjẹ tí ẹyẹlé kan iná ní ìgbà 20 kó tó rí, ó wù ú ju èyí tí ó rí lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kan náà ni. (Ẹni tó gún iyán fúnra rẹ̀ mọ adùn rẹ̀.) Ní 2017 ẹ̀wẹ̀, wọ́n mú kí ẹyẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 lẹ́yìn tó ti yàn, kó tó rí àmì. Ìwàǹwára rẹ̀ sí àdánù rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ tẹ́tẹ́ orí fóònù kì í fún ènìyàn ní irú ìdúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀sìn wa ti sọ tirẹ̀ nípa tẹ́tẹ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti kó sínú rẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ẹ má kàn bá a jà. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ kọ iye tó jẹ àti iye tó lọ sínú ìwé fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹ sì rí i pé ó jẹun yó kó tó jáde nílé.