Omi Tó Tòrò Kọ́ Ni Omi Tó Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tí ẹ bá ti gbé Ìkòròdú rí, ẹ máa mọ omi kànga tó máa ń pọ́n lẹ́yìn òjò. Ẹ gbé e kalẹ̀ mọ́jú, kò ní tòrò. Kí ló fà á?

Iyanrìn máa ń tètè rì. Amọ̀ inú omi yẹn ní tiẹ̀ kéré jù: ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò ju 1,000 nanometre lọ, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù kan nanometre ló wà nínú mílímítà kan. Irú àdàlú yìí là ń pè ní colloid. Gbogbo wóró amọ̀ náà ló ní ṣáájì òdì lára, torí náà ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn dànù. Wọn ò lè kóra jọ kí wọ́n wúwo.

Ìyẹn ni àǹtí mi ṣe máa ń po álọ́ọ̀mù díẹ̀ mọ́ omi. Aluminium inú rẹ̀ ní ṣáájì tó yàtọ̀ sí ti amọ̀. Ó máa lẹ̀ mọ́ ara amọ̀, ó máa pa ṣáájì òdì yẹn, wóró á kóra jọ, wọ́n á rì. Lílẹ̀ mọ́ ara yìí ló ń jẹ́ adsorption. Kì í ṣe bí fóòmù ṣe ń fa omi sínú o. Ó dà bí eruku tó lẹ̀ mọ́ ojú fóònù yín.

Bí a bá ṣe gé nǹkan sí wẹ́wẹ́ tó ni àpapọ̀ ojú ara rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ gé ṣúgà onígun tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 sí wóró 10 nanometre: ojú ara gbogbo wọn á tó 600 mítà onígun mẹ́rin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan! Fílítà èédú tí bọ̀dá mi ń lò ní Ẹ̀pẹ́ náà nìyẹn: ihò tíntìntín ló kún inú èédú, ara wọn ni òórùn omi ń lẹ̀ mọ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Àbúrò mi mu omi álọ́ọ̀mù láì sè é, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Álọ́ọ̀mù máa ń gbé kòkòrò kan rì mọ́ amọ̀, kì í gbé gbogbo wọn. Nígbà tí onígbáméjì jà l'Ékòó ní 2024, ó dé Ìkòròdú náà.

Torí náà, ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ rọra da tòkè sínú ìkòkò, kí ẹ sì sè é kó hó kùtùkùtù fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan. Ojú lásán ò lè rí kòkòrò.