Ọ̀rọ̀ Kan Tí Ń Jẹ́ "Lásán"

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kékeré a máa ba gbólóhùn ńlá jẹ́. Ọmọ ilé-ìwé kan kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé: "Àgbẹ̀ lásán ni baba mi." Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé baba òun kò ní iṣẹ́ mìíràn ju oko lọ. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó bá ka gbólóhùn náà, ọmọ yìí fi ojú tẹ́ńbẹ́lú baba rẹ̀ ni. Báwo ni èyí ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Láti ara "ní" àti "asán" ni a ti rí "lásán", gẹ́gẹ́ bí "ní ọjà" ṣe ń di "lọ́jà". Asán sì ni ohun tí ó ṣófo. Bí a bá fi "lásán" yán nǹkan tí a ń lò, kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó mu omi lásán kò fi ohunkóhun sínú omi náà. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀kọ lásán kò rí àkàrà fi jẹ ẹ́. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn kò wọ bàtà. Bí ó bá sì ṣe àpọ́nlé fún ọ̀rọ̀-ìṣe, ìtumọ̀ rẹ̀ a di "láìní èrè": "Ó kàn ń sáré lásán ni."

Ṣùgbọ́n bí a bá fi yán ènìyàn tàbí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀gàn dé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú èyí. Inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ wọn, "mediocre". Ohun tí ó wà ní agbedeméjì òkè ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ń tọ́ka sí. Kì í ṣe èébú nígbà náà. Lónìí, ta ni inú rẹ̀ yóò dùn bí a bá fi ọ̀rọ̀ náà pe iṣẹ́ rẹ̀?

Ẹ ṣàkíyèsí pé bí "kì í ṣe" bá ṣáájú "lásán", iyì ni ó ń mú wá. Odídẹrẹ́ wà nínú oríkì Ìwó. Bí àlejò bá wí níhìn-ín pé ẹyẹ lásán ni, ọmọ Ìwó yóò dá a lóhùn pé: "Kì í ṣe ẹyẹ lásán." Bákan náà, "kì í ṣe ojú lásán" ni a ń wí nígbà tí a bá fura pé ohun kan farapamọ́ lẹ́yìn ọ̀ràn.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ ọ́ pé: "Àgbẹ̀ ni baba mi." Gbólóhùn náà pé bẹ́ẹ̀, ọlá baba rẹ̀ kò sì dínkù.